Bàbá Táyé àti Ìbò Ọdún 1881

Ohun tí àwọn ará Alief, àdúgbò kan ní Houston, fi ń rántí Bàbá Táyé jù ni ọjọ́ tó dìde nínú ilé ẹjọ́ Latham, lójú gbogbo ìlú, tó ní wọ́n ṣe èrú ìbò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ìbò àná ló ń sọ. Ọdún 1881 ni wọ́n di ìbò náà.

Latham jẹ́ ìlú kékeré kan tó tó wákàtí méjì sí Houston. Òun ni olú-ìlú county Ransome, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa: ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó gbogbo abúlé tó yí i ká. Ilé ẹjọ́ náà, bíríkì pupa tó ní agogo ńlá lórí, ló jókòó sí àárín ìgboro bí ìyá àgbà láàárín ọmọ: ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ níbí, ti oníbúrẹ́dì lọ́hùn-ún, ibi tí wọ́n ti ń ta ìṣó àti okùn ní kọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ilé náà pé ogóje ọdún, ìlú sì kóra jọ sínú gbọ̀ngàn òkè. Onítàn kan wà lórí pèpéle tó ń ka bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ó ní abúlé Gratton ni olú-ìlú tẹ́lẹ̀, àmọ́ ní 1881 àwọn èèyàn dìbò ní ìrọ̀rùn, Latham sì wọlé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí àtẹ́wọ́ náà ṣe rọlẹ̀ ni ọkùnrin kan tó dé fìlà aṣọ òkè nawọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èèyàn mélòó ló ń gbé Latham lọ́dún náà?”

Onítàn wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. “Ètò ìkànìyàn ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá.”

“Tọmọdé tàgbà?”

“Tọmọdé tàgbà.”

“Ṣé àwọn obìnrin ń dìbò nígbà náà?”

“Rárá o. Ọkùnrin nìkan.”

“Ìbò mélòó wá ni àpótí Latham mú jáde?”

Onítàn wo ìwé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún ìwé wò. “Irinwó ó lé mẹ́fà,” ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Bàbá Táyé mi orí. “Ẹ ṣeun. Láti ọdún tí mo ti wà ní Amẹ́ríkà, ọkàn mi ò balẹ̀ tó báyìí rí. Àṣé ilé ni mo wà.”

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Táyéwò Adérìnsọ́lá. Ìbejì ni, òun ló sì kọ́kọ́ jáde, nítorí náà iṣẹ́ tí a fi rán an wá sáyé ni kó yẹ ibẹ̀ wò bóyá ó dáa. Ìyàwó rẹ̀, Rónkẹ́, tó ní ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní Alief, máa ń sọ pé ọkọ òun ò tíì parí àyẹ̀wò náà. “Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa,” ó máa ń wí, “pásítọ̀ bi mí bóyá mo gbà láti fẹ́ ẹ, mo ní mo gbà. Ọkọ mi yíjú sí mi, ó ní, ‘Ṣé ó dá ẹ lójú?’”

Ó dé sí Third Ward, ní Houston, ní 1978 láti kàwé. Nígbà tó jáde, ó ṣe iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ káàkiri Texas fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, iṣẹ́ náà sì bá ìwà rẹ̀ mu wẹ́kú: wọ́n ń sanwó fún un kó má gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Doyinsọ́lá ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ilé ìtajà ńlá Galleria, ó dúró níwájú àtẹ̀gùn tó ń dá gòkè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń wo àwọn tó ń gùn ún lọ.

“Daddy, kí lẹ ń dúró dè?”

“Mo ti rí àwọn tó lọ,” ó wí. “Mi ò tíì rí àwọn tó padà.”

Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n rò pé ó máa ti fara balẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè kan, pásítọ̀ kígbe pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà nínú ilé Olúwa lónìí. Bí ìsìn ṣe parí, Bàbá Táyé lọ bá a.

“Pásítọ̀, igba ó lé mẹ́rìnlá ni mo kà, mo sì ka ẹ̀yin náà mọ́ ọn.”

“Bàbá, mo ka àwọn áńgẹ́lì pẹ̀lú ni.”

“Ó dáa,” ni Bàbá Táyé fèsì. “Kí wọ́n wá fọwọ́ síwèé nígbà náà.”

Ohun tó gbé e dé Latham gan-an ni obìnrin inú fóònù tó ń júwe ọ̀nà. Òun àti Rónkẹ́ ń lọ kí Doyinsọ́lá níbi iṣẹ́ tuntun rẹ̀ nígbà tí obìnrin náà ní kí wọ́n máa bá freeway, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá, lọ tààrà. Bàbá Táyé fura lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. “Ta ló sọ fún un?” Rónkẹ́ ní sátẹ́láìtì ni. “Mo ti fi ẹsẹ̀ mi rin ilẹ̀ yìí,” ó wí, “mi ò bá obìnrin yìí pàdé níbì kankan.” Ló bá yà sí ọ̀nà oko. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọlọ́pàá kan dá wọn dúró ní Latham, ó ní iná ẹ̀yìn mọ́tò wọn ọ̀kan ò ṣiṣẹ́, ó sì fún un ní ìwé pé kó tún un ṣe, kó wá fi hàn ní ilé ẹjọ́.  Rónkẹ́ kàn tan obìnrin inú fóònù padà, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè.

Nígbà tó padà wá fi iná hàn wọ́n, ẹni tó yẹ kó wò ó ti lọ jẹun ọ̀sán. Bàbá Táyé ò lè jókòó lásán. Ó ń ka gbogbo ohun tó wà lára ògiri: ìkìlọ̀ pé kí èèyàn má mu sìgá, orúkọ àwọn tó kú lójú ogun, àti pátákó ńlá kan tó sọ ìtàn ìlú. Ibẹ̀ ló ti rí irinwó ó lé mẹ́fà. Rónkẹ́ ní ó délé, kò jẹun, ó ń rìn kiri pálọ̀. “Rónkẹ́, ìlú yẹn kéré. Mo rí i. Ibo ni wọ́n ti rí èèyàn?” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sí ilé ìkàwé kó tó rí iye ará ìlú náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ síbi àjọ̀dún tí kò sẹ́ni tó pè é sí.

Lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn tí gbogbo ojú ń bá a lọ, obìnrin méjì ló dúró dè é. Èkíní ni Ìyáàfin Krenek, akọ̀wé county, obìnrin aláwọ̀ funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti ń tọ́jú àwọn ìwé ilé ẹjọ́ náà láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́. Kò fi inú dídùn hàn.

“Ẹ ba ayẹyẹ wa jẹ́.”

“Kì í ṣe èmi,” Bàbá Táyé wí. “Àwọn mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún tí wọ́n dìbò tí wọn ò tíì bí ni.”

Èkejì dúró lẹ́bàá mọ́tò rẹ̀ nísàlẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Miss Verlene Gaines ni wọ́n ń pè é. Ó wo fìlà Bàbá Táyé, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀.

“Ta ló rán yín?” ó béèrè.

Ojú Bàbá Táyé tàn. Ó ti rí ẹnikejì rẹ̀.

Gratton ni Miss Verlene ń gbé, máìlì méje sí Latham. Ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ kò ju ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé mẹ́ta, àti pápá gbalasa. Lọ́jọ́ Thursday tó tẹ̀ lé e, Bàbá Táyé lọ bá a. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé fún wákàtí mẹ́ta. Miss Verlene gbé omi ọsàn wẹ́wẹ́ wá, Bàbá Táyé ò mu ún. Bàbá Táyé gbé púfupúfù tí Rónkẹ́ dín sílẹ̀, Miss Verlene ò jẹ ẹ́. Àwọn eṣinṣin nìkan ló gbádùn ọjọ́ náà.

“Àwọn Latham jí ìwé county gbé ni,” Miss Verlene wí nígbẹ̀yìn. “Lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí gbogbo Gratton wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin mẹ́rin ni wọ́n gbé wá. Àwọn èèyàn wa gbọ́ ìró ẹṣin, wọ́n rò pé àwọn tó pẹ́ dé ìsìn ni. Ìdí nìyẹn tí ìlú wa fi kú. Àwọn bàbá wa aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dìbò ní Gratton, àwọn kan ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Bàbá bàbá mi.”

“Ta ló sọ fún un?”

“Ó wà níbẹ̀. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.”

“Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè rí kẹ̀kẹ́ méjì kó pè é ní mẹ́rin.”

Miss Verlene dìde, ó sì ṣílẹ̀kùn ọgbà fún un pé kó máa lọ. Kò tíì dé ìdí mọ́tò nígbà tó pè é padà. Ó ní kò sẹ́ni tó ń wá béèrè ìtàn Gratton lásán, ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Ilé-iṣẹ́ kan ń bọ̀ tó fẹ́ máa wa òkúta wẹ́wẹ́ nínú pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ àwọn òkú Gratton ló wà níbẹ̀. Ó ti sọ fún county lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn county ní lórí máàpù àwọn, pápá màlúù lásán ni, ìgbìmọ̀ county á sì fọwọ́ sí i lóṣù kẹrin.

“Ta ló ya máàpù náà?” Bàbá Táyé béèrè.

“Latham.”

“Ọdún wo?”

“1882.”

Ó wọ inú mọ́tò lọ mú okùn ìwọnlẹ̀ rẹ̀.

Nínú pápá náà, koríko dé orúnkún. Bàbá Táyé ní òun ò rí sàréè kankan, kòtò lòun rí, kòtò sì lè jẹ́ kòtò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn wọ́n, Miss Verlene sì dúró tì í, ó ń wo okùn bóyá ó ń fà á gùn jù. Wọ́n ka kòtò mẹ́tàlélógójì. Gbogbo wọn tò lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn kọjú sí ìlà-oòrùn, gbogbo wọn sì tó ìdùbúlẹ̀ èèyàn. Nígbà tó dé ẹ̀kẹrìnlélógójì, ó na okùn, ó wò ó, ó tún un nà. Kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Bàbá Táyé kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ṣí fìlà, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá sàréè ni.

Láti ìgbà náà, Thursday kan ò gbọ́dọ̀ kọjá kó má lọ sí Latham. Ó ní tí wọ́n bá jí ìwé gbé, ìwé ṣì wà níbì kan, torí olè kì í ju ẹrù nù lẹ́yìn tó ti rù ú ní máìlì méje. Ìyáàfin Krenek ò gbà kó dá wọ ibi ìkówèésí tó wà nísàlẹ̀ ilé ẹjọ́. Ó gbé àga, ó jókòó tì í. Bí Bàbá Táyé bá ṣí ìwé, á dìde wá wo ojú ewé náà. Bí ó bá lọ tọ̀, á ka àwọn ìwé. Lọ́jọ́ kan, ó gbé kolache wá, búrẹ́dì kékeré tí wọ́n ń fi èso sí láàárín, tí àwọn àgbà tó wá láti ìlú Czech gbé dé àgbègbè náà. Ó gbé ọ̀kan fún un.

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Ápíríkọ́ọ̀tì.”

“Kí ló wà lábẹ́ ápíríkọ́ọ̀tì?”

Ìyáàfin Krenek mú kolache náà, ó gé e sí méjì, ó jẹ ìdajì, ó sì dúró ní ìdúró gbagidi níwájú rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú márùn-ún kó lè rí i pé òun ò kú. Nígbà náà ni Bàbá Táyé jẹ ìdajì kejì. Ó tún béèrè òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ìgbìmọ̀ jókòó nígbà tó rí i. Àwọn ìwé kan wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn ìwé àmì màlúù. Inú wọn ni wọ́n ń kọ àmì tí olúkúlùkù fi ń sàmì sí màlúù rẹ̀ lára, ìwé kan fún ọdún kan. Èyí tó jẹ́ ti 1880 nípọn ju àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹni mìíràn á kọjá lára rẹ̀. Bàbá Táyé dúró, ó ń wò ó, ó ń wo àwọn ìwé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Kí ló dé?” Ìyáàfin Krenek béèrè.

“Màlúù ìlú yìí ò pọ̀ tó báyìí.”

Wọ́n gbé e sórí tábìlì. Láti ewé kejì lọ, kò sí màlúù kankan nínú rẹ̀. Ìwé ilẹ̀ Gratton ni. Ẹnì kan ló lẹ èèpo ìwé màlúù mọ́ ọn lára. Ìyáàfin Krenek ló ń ṣí ewé rẹ̀, Bàbá Táyé ò fọwọ́ kàn án. Ní ewé kọkànléláàádọ́rin, wọ́n rí i: éékà méjì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí a yà sọ́tọ̀ láéláé fún ìsìnkú àwọn ará Gratton, pẹ̀lú ìwọ̀n igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyáàfin Krenek tún gbólóhùn náà kà. Latham ni wọ́n bí i sí. Inú ilé ẹjọ́ yìí ni ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kó tó kan òun.

“Ẹ lè pa á dé,” Bàbá Táyé wí. Ó ń wò ó láti abẹ́ ojú. “Àwa méjì péré la rí i.”

“Ọ̀gbẹ́ni Adérìnsọ́lá,” obìnrin náà fèsì, inú sì bí i gidi, “iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún ni kí n tọ́jú ìwé. Wọn ò gbà mí kí n máa tọ́jú orúkọ ìlú.” Ó gbé òǹtẹ̀ county, ó ṣe ẹ̀dà ojú ewé náà, ó sì lù ú lóǹtẹ̀ débi pé tábìlì mì.

Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, lọ́yà ilé-iṣẹ́ òkúta ní ìwé àtijọ́ lásán nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè fi dánilójú pé àwọn kòtò inú pápá jẹ́ sàréè. Adájọ́ county, tó ń darí ìgbìmọ̀, yíjú sí Bàbá Táyé, ó ní kí ló fẹ́ sọ.

“Mo gbà pẹ̀lú lọ́yà,” Bàbá Táyé wí. “Èmi náà ò gbà á gbọ́ kíákíá. Kó bá mi lọ síbẹ̀, kó sùn sínú ọ̀kan. Tó bá bá a mu, gbogbo wa á mọ̀.”

Adájọ́ fi ìwé bojú. Nígbà tó ṣí ojú, ó ní kí àwọn tó fẹ́ dá pápá náà padà fún àwọn ará Gratton nawọ́. Àwọn márùn-ún ni wọ́n wà nínú ìgbìmọ̀, àwọn márààrún sì nawọ́. Miss Verlene bú sẹ́kún. Bàbá Táyé tún ọwọ́ náà kà lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n ní kó bá wọn kọ pátákó tuntun fún ògiri ilé ẹjọ́. Ó gbà, àmọ́ ó fi “wọ́n ní” bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn. Wọ́n ní ìlú yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1871. Wọ́n ní odò kan wà. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ dé síbẹ̀ ń jẹ́ Latham. Òun àti Ìyáàfin Krenek jà fún oṣù méjì lórí rẹ̀, obìnrin náà ní pátákó county ò lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣòfófó. Nígbẹ̀yìn, wọ́n yọ “wọ́n ní” mẹ́sàn-án, wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀, èyí tó wà níwájú “àwọn èèyàn dìbò.”

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, Bàbá Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ tó bá gun àtẹ̀gùn. Dókítà, ọ̀dọ́mọdé obìnrin kan, jókòó tì í ní ọ́síbítù, ó ṣàlàyé pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

“Ta ló wọ̀n ọ́n?”

“Ẹ̀rọ ni, sà.”

“Ẹ tún un wọ̀n.”

Wọ́n tún un wọ̀n. Iye kan náà ló gbé jáde. Rónkẹ́ ń retí pé á ní kí wọ́n mú ẹ̀rọ mìíràn wá, ṣùgbọ́n ó kàn mi orí. “Tó bá ti jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ó dáa,” ó wí, ó sì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó kú.

Ìgbà yẹn ni Rónkẹ́ mọ̀ pé àwọn ará Gratton ti fún un ní àyè nínú pápá wọn, ó sì ti gbà. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ibẹ̀, ó kọ òró àti ìbú rẹ̀ sínú àpòòwé, ó sì kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé: Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbé mi wọ̀ ọ́, mi ò mọ àwọn agbẹ́lẹ̀ yẹn. Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè dá omi náà dúró mọ́. Mọ́tò mọ́kàndínlógójì ló tò láti Alief dé Gratton lọ́jọ́ ìsìnkú. Miss Verlene ló gbàdúrà.

Lọ́jọ́ kejì, Doyinsọ́lá lọ sí ilé ẹjọ́ Latham kí wọ́n lè kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sínú ìwé ilẹ̀ ìsìnkú. Ìyáàfin Krenek ti àwọn bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹ̀rọ náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó mú kálàmù.

“Bá mi kọ ọ́ sórí bébà, gbogbo àmì rẹ̀, tòkè tìsàlẹ̀.”

Doyinsọ́lá ní kó má ṣèyọnu, kò sẹ́ni tó ń kọ àmì wọ̀nyẹn ní Amẹ́ríkà, òun pàápàá kì í kọ wọ́n.

“Orúkọ bàbá bàbá mi ní àmì kékeré kan lórí lẹ́tà r,” Ìyáàfin Krenek wí. “Nígbà tó ti ìlú Czech dé county yìí, tó wá forúkọ sílẹ̀, akọ̀wé ìgbà náà ní kò ṣe pàtàkì. Ìyá mi sọ pé ó padà wá lẹ́ẹ̀mẹta láti bẹ̀ wọ́n. Títí dòní, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé kọ́ la ṣe ń kọ ọ́.”

Doyinsọ́lá fi fóònù pe ìyá rẹ̀ kó sọ àwọn àmì náà fún un. Ó wá kọ ọ́ sórí bébà, ó tì í síwájú obìnrin náà. Ìyáàfin Krenek fara balẹ̀ dà á kọ sínú ìwé ńlá náà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì dúró díẹ̀ kó tó fi àmì sábẹ́ lẹ́tà o, bí ẹni tó ń gbé ọmọ jòjòló sórí ibùsùn.

“Ṣé bó ṣe rí nìyí?” ó béèrè.

Doyinsọ́lá tẹ̀ síwájú, ó kà á sókè: Táyéwò Adérìnsọ́lá.

“Bó ṣe rí nìyẹn, mà.”